Ẹgbẹ̀rin, Ẹgbẹ̀rún, Ẹgbẹ̀fà

Ọkọ̀ ẹja méjì ni mo lọ wò lọ́jọ́ Sátidé,
àlòkù ni méjèèjì, alumíníọ̀mù,
irú irin tí a fi ń se ìrẹsì nílé.
Ìbídùn ní, "Ṣé ìkòkò lo fẹ́ gbé lọ sójú omi?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó ṣáà máa ka iyọ̀ sílẹ̀ dè mí.

Ti Maldon ni mo kọ́kọ́ wò.
Kírégì ti fi ọ̀dà kùn ún
títí ó fi ń dán bí ewé kókò lẹ́yìn òjò.
Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀,
tírélà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu ẹni tó ń tà á.
"Kò jò rí," ni Kírégì wí.
Èmi ọmọ Ùgbónlà, ọmọ ẹni tó fi ìgbọ́nmi tọ́mọ mẹ́fà,
mo ní kó fún mi ní rọ́bà omi.
Mo rọ omi kún inú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ,
mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń kí àna.
Ìṣó kìíní gbẹ. Ìkejì gbẹ.
Ìkarùn-ún làágùn díẹ̀, ìkẹjọ náà bẹ́ẹ̀.
Ìkọkànlá ń sunkún gidi.
Kírégì gbójú sókè,
ó ní ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ti Mersea wà lẹ́yìnkùlé Ìyá Họ́súgúdù,
tó sin ọkọ rẹ̀ lọ́dún kejì sí àkókò yìí.
Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, kò sí ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ méjì péré.
Imú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú
níbi tó ti forí sọ òpó èbúté
lọ́dún tí ọmọ wọn gbéyàwó.
Màmá ò sọ ẹni tó ń tukọ̀ lọ́jọ́ náà.
Mo rọ omi sí i. Kò sí ìṣó kan tó sọ̀rọ̀.
Omi náà dákẹ́ síbẹ̀ bí omi inú àmù.

"Èló ni, Màmá?"
Ó ní ẹgbẹ̀rin pọ́n-ùn.
Mi ò tilẹ̀ nájà. Mo ní ó dáa.
Ó nuwọ́ sára aṣọ,
ó ní ẹgbẹ̀rún ló yẹ kí òun sọ.
Mo rántí gbogbo òru tí mo fi yí àwọn arúgbó padà
lórí bẹ́ẹ̀dì ní Colchester,
mo ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo ní ó dáa.
Ó ní ẹgbẹ̀fà.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo bẹ́ńṣì inú ọkọ̀.
Apá òsì ti jẹ, ó kò bí àtẹ́lẹwọ́ tó ń bu omi mu:
ìdí ẹnìkan ṣoṣo ló gbẹ́ ẹ.
Apá ọ̀tún náà ti jẹ, kò kàn jìn tó o.
Ife tíì kan sì wà lórí etí ọkọ̀ níbẹ̀,
ó ṣì ń rú èéfín.

Mo ní, "Màmá, owó mi ò tó."
Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dá láre ní kóòtù.

Ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.
Mo sọ ti Maldon fún un, mo ka ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó padà wọlé, ó mú ike mílíìkì kan jáde
tí wọ́n ti gé nídìí, tó ń rùn epo ẹ́ńjìnnì.
"Tọkọ mi ni. Tiwa ò jò," ló wí,
"ìwọ lo máa nílò rẹ̀."

Kírégì yọ igba pọ́n-ùn lórí ìṣó tó ń sunkún.
Lórí àwọn tó ń làágùn, ó ní kò sóhun tí kì í làágùn.

Òní Sọ́ńdè, a wà lórí odò Blackwater.
Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí àwọn ihò náà,
síbẹ̀ ìkọkànlá ò tíì gba ìpẹ̀.
Mò ń gbọ́n omi.
A ò tíì rí ẹja kankan.
Ìbídùn jókòó lápá ọ̀tún, kóòtù méjì lọ́rùn rẹ̀,
ó ní òtútù yìí máa pa òun.
Kò ṣáà tíì ní ká padà.